Ẹ Bi Tíṣà: Kí ló dé tí rélùwéè ò gba Àkúrẹ́ kọjá?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lóṣù tó kọjá mo kàn fẹnu ba ọ̀rọ̀ ojú irin ní ìlà méjì péré nígbà tí mò ń sọ̀rọ̀ ọjà Òṣogbo, mi ò mọ̀ pé ilé agbọ́n ni mo tọwọ́ bọ̀, látìgbà yẹn ni lẹ́tà ti ń wọlé tí fóònù mi ò sinmi. Márùn-ún ni mo mú nínú wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè bí èèyàn ṣe ń rí owó ìfẹ̀yìntì gbà kíákíá, ẹ ṣe sùúrù fún mi, èmi náà ṣì ń lé tèmi kiri.

ÌBÉÈRÈ: Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọmọ mi tó wà ní JSS 2 ló bi mí pé ṣebí Àkúrẹ́ ni olú ìlú Próvínsì Oǹdó láyé òyìnbó, kí ló wá dé tí wọ́n ṣe rélùwéè dé Òṣogbo, wọ́n ṣe é dé Ọ̀ffà, wọn ò ṣe é dé ọ̀dọ̀ wa? Mo sọ fún un pé òkè Ìdànrè ló dí wọn lọ́nà. Ó wò mí lójú, ó ní "Bàbá àgbà, ṣé ó dá yín lójú?" Ẹ gbà mí o. (Bàbá Ṣèyí, Ìjọ̀kà, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Bàbá Ṣèyí, ọmọ yẹn ti mú yín. Òkè wà lóòótọ́, ẹni tó bá ti gun àtẹ̀gùn Ìdànrè rí mọ̀ pé kì í ṣe ibi téèyàn ń gbé ẹ́ńjìnnì gbà, àmọ́ òkè kọ́ ló fà á, torí òyìnbó tó bá rí èrè lódì kejì òkè á dá ihò sí i nínú kó tó kọjá, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀ nínú lẹ́tà kejì. Ẹ jẹ́ ká ka ọdún ná.

1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irin láti Ìddó l'Ékòó. Oṣù kẹta ọdún 1901 ni wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó kan odò Ọya ní Jẹ́bà ní 1909, nígbà tó fi máa di 1912 èèyàn ti lè wọkọ̀ l'Ékòó kó lọ sọ̀ ní Kánò, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ojú omi ni wọ́n ṣì ń gbé ọkọ̀ náà sọdá Ọya títí di 1916 tí afárá Jẹ́bà fi parí. Próvínsì Oǹdó ńkọ́? 1915 ni wọ́n dá a sílẹ̀ tí wọ́n fi Àkúrẹ́ ṣe olú ìlú ẹ̀. Nígbà tá a fi máa di ẹni tí wọ́n ń pè sípàdé, ọkọ̀ ti fọn fèrè, ó ti lọ tipẹ́.

Ohun kejì ni ẹrù. Rélùwéè yẹn ò mọ olú ìlú, ẹrù ló mọ̀. Ẹkùrọ́ àti epo ni wọ́n ń kó nílẹ̀ Yorùbá, àwọn tó ń hun aṣọ ní Manchester ń wá òwú, ojú wọn wà lókè Ọya lọ́hùn-ún, ìdí nìyẹn tí irin yẹn fi lọ bí ìgbà téèyàn ta okùn láti etí òkun lọ sápá àríwá. Nígbà tó wá dé Kánò tán, òwú tí wọ́n ń retí ò yọ bí wọ́n ṣe rò, ẹ̀pà ló yọ, ẹ̀pà tí wọ́n ń to àpò ẹ̀ jọ bí òkè kó tó ráyè wọnú ọkọ̀. Àwa tá a wà lápá ìlà oòrùn, igbó dídí ni wọ́n rí lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn, kòkó wa ò tíì dé ibi tó dé, àwọn ará Òkìtìpupa dẹ̀ ní omi tiwọn tí wọ́n fi ń kó ẹrù lọ s'Ékòó.

Èyí tó máa ń dùn mí jù rèé o. Kí rélùwéè tó dé rárá, ọ̀nà wa ni Èkó gbójú lé. Láyé Glover tó ṣe gómìnà l'Ékòó títí di 1872, àwọn Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá a máa ti ọ̀nà tiwọn pa nígbà tó bá wù wọ́n, ni òyìnbó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá bó ṣe máa gba ẹ̀yìn wọn, ló bá di ọ̀nà Oǹdó: wọ́n á ti Èkó wọ ọ̀sà lọ sí ìhà Atijẹ́rẹ̀, wọ́n á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á rìn gba inú igbó dé Oǹdó, láti ibẹ̀ ó di Iléṣà. Ẹrù ń gba ibẹ̀, oníwàásù ń gba ibẹ̀. Àfi ìgbà tí òyìnbó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní 1892 tí ọ̀nà Ìbàdàn là gbàràgàdà, kò sẹ́ni tó tún bi wá pé báwo ni ilé. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irin.

Iṣẹ́ tó wá kù fún wa ni títì. Ètò wọn ni pé kí títì máa kó ẹrù lọ pàdé rélùwéè, kó má ṣe bá a du ẹrù, nítorí ẹ̀ ni ìlú tí rélùwéè ò dé fi dà bí ọmọ ọ̀dọ̀ fún ìlú tí sitéṣọ̀n wà. Kòkó àti ẹkùrọ́ á ti ọ̀dọ̀ wa wọ lọ́rì lọ s'Óṣogbo, iyọ̀ àti páànù á gba ibẹ̀ padà wá.

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ l'Ákùúrẹ́ níbí, irin rélùwéè ni agogo wa. Gígùn ẹ̀ ò ju apá àgbàlagbà lọ, wọ́n fi ṣéènì so ó rọ̀ lára igi máńgòrò, orí ẹ̀ rí pẹ̀kí, ìdí ẹ̀ fẹ̀ pẹrẹsẹ, ààrin ẹ̀ tín-ín-rín, bóòtù ńlá kan ni mọ́nítọ̀ fi ń lù ú. Ohùn ẹ̀ máa ń wọ èèyàn léyín. Wọ́n ní awakọ̀ lọ́rì kan ló gbé e wá láti Òṣogbo fi ta ilé ìwé lọ́rẹ. Nígbà tí mo di tíṣà, tí mo lọ sí Òṣogbo fúnra mi, mo mú tépù ìyàwó mi tó fi ń ránṣọ dání, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú irin, mo wọn ín láti inú irin kan sí inú ìkejì. Ínṣì 42 géérégé, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ínṣì mẹ́fà. Obìnrin tó ń din dùńdú nítòsí wò mí títí, ó ní "Bọ̀dá, ṣòkòtò ni ẹ fẹ́ rán fún rélùwéè ni?" Ẹ fi ínṣì 42 yẹn sọ́kàn, a máa lò ó.

Ẹ tún sọ fún ọmọ ọmọ yín pé kì í ṣe òyìnbó nìkan la máa bínú sí. Ní 1958 Nàìjíríà yá mílíọ̀nù 28 dọ́là lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé láti fi gbé ojú irin lọ sí Máídúgùrì, ó dé ibẹ̀ ní 1964, àwa fúnra wa ti ń ṣèjọba nígbà yẹn. Àkúrẹ́ ṣì ń fi irin lu agogo.

ÌBÉÈRÈ: Tíṣà wa, ẹ kú làákàyè. Ọmọbìnrin mi ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Christchurch, ní New Zealand, mo lọ bá a tọ́jú ọmọ fún oṣù mẹ́fà. Lọ́jọ́ kan ó gbé mi gba inú ihò kan tí wọ́n dá sínú òkè, bá a ṣe yọ lódì kejì báyìí, òkun ni mo rí àti ọkọ̀ ojú omi ràgàjì. Ó ní ihò mọ́tò lèyí, pé ti rélùwéè wà nítòsí, ó ti lé ní 150 ọdún, àti pé láyé ìgbà yẹn ìjọba wọn yáwó fi ṣe rélùwéè, wọ́n tún ń sanwó ọkọ̀ fún àwọn èèyàn láti ìlú òyìnbó pé kí wọ́n máa bọ̀. Mo ní irọ́ ni, ta ló ń sanwó ọkọ̀ fún àlejò? Ó tún ní próvínsì ni wọ́n ń pe ibẹ̀ nígbà yẹn, bíi tiwa. Tó bá jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí òyìnbó kan náà ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa? (Màmá Nọ́ọ̀sì, Yaba, Oǹdó)

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ọlọ́run á dá a sí. Nọ́ọ̀sì ò parọ́ o, kódà ó fi púpọ̀ sílẹ̀.

Christchurch tẹ́ ẹ lọ yẹn ni olú ìlú Próvínsì Canterbury. Ìparí ọdún 1850 ni ọkọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ kó àwọn òyìnbó tó wá tẹ̀ ẹ́ dó débẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di próvínsì ní 1853. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú bí àwo, ó dára fún àgùntàn àti àlìkámà, àmọ́ Lyttelton tí ọkọ̀ òkun ti ń gúnlẹ̀ wà lẹ́yìn òkè, òkè yẹn gan-an, iná ló bú jáde nínú ilẹ̀ láyé àtijọ́ tó wá di òkúta. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó máa gun òkè náà ni, kó fẹsẹ̀ rìn tòun ti ọmọ lẹ́yìn. Ẹrù á wọ ọkọ̀ kékeré, á yí etí òkun po, á gba ẹnu odò tí yanrìn ti dí, ọkọ̀ ń rì níbẹ̀. Ni alákòóso próvínsì wọn, William Moorhouse, bá ní kí wọ́n dá ihò sínú òkè. Àwọn èèyàn próvínsì yẹn ò tó 20,000 nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1861! Àwọn kan ní orí ẹ̀ ti yí. Wọ́n gbẹ́ ẹ látẹnu méjèèjì, wọ́n pàdé láàárín ní 1867, ọkọ̀ ojú irin sì gba ibẹ̀ kọjá ní oṣù Kejìlá ọdún náà. Ihò yẹn gùn ju kìlómítà méjì àtààbọ̀ lọ. Òkè Ìdànrè wo la wá ń sọ, Bàbá Ṣèyí?

Èyí tí ọmọ yín ń sọ nípa yíyáwó wá lẹ́yìn ìyẹn. Julius Vogel lorúkọ ọkùnrin náà, òun ló ń mójú tó àpò ìjọba gbogbo New Zealand ní 1870. Nǹkan ti le nígbà yẹn, góòlù tí wọ́n ń wà ti ń dín kù, òyìnbó tó wà nílẹ̀ náà ò ju nǹkan bí 250,000 lọ, ìlú kọ̀ọ̀kan dá wà láàyè ẹ̀. Vogel dìde nílé aṣòfin, ó ní ká yá mílíọ̀nù mẹ́wàá pọ́n-ùn ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín ọdún mẹ́wàá, ká fi ṣe rélùwéè àti títì, ká fi kó èèyàn wá. Ẹ fojú inú wo ilé aṣòfin lọ́jọ́ yẹn. Bí ẹni tó ń gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún lóṣù bá lọ yá mílíọ̀nù lọ́nà àádọ́ta kó fi kọ́ ilé ló rí létí àwọn kan. Àmọ́ ìṣirò ẹ̀ lọ báyìí: rélùwéè láìsí èèyàn, irin lásán ni, èèyàn láìsí rélùwéè, igbó ló máa gbé mì, ká ṣe méjèèjì pọ̀, àwọn àlejò náà ló máa ṣiṣẹ́ rélùwéè, tí wọ́n bá parí iṣẹ́ wọ́n á gba ilẹ̀ létí ojú irin, wọ́n á dáko, ẹrù oko á wọ rélùwéè, owó ẹrù àti owó orí á san gbèsè. Wọ́n ṣòfin ẹ̀ lọ́dún 1870 yẹn kan náà.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sanwó ọkọ̀ fún àlejò, Màmá. Nígbà tó di 1873 wọ́n sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ pátápátá. Ará oko tó mọ iṣẹ́, káfíńtà, àti àwọn ọmọbìnrin tó lè ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n ń wá jù. Ẹni tó ti wà níbẹ̀ tún lè fi orúkọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹ̀ sílẹ̀ kí ìjọba lọ gbé e wá, bí àwọn ọmọ wa tó ti dé Kánádà ṣe ń kún fọ́ọ̀mù fún àwọn tó kù nílé lónìí. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni wọ́n ń lò lójú òkun, ọmọ wẹ́wẹ́ ń kú lójú ọ̀nà. Lọ́dún 1874 nìkan, àwọn tí ìjọba sanwó fún lé ní 32,000. Máìlì 46 péré ni rélùwéè tí wọ́n ní ní 1870, nígbà tó di 1880 ó ti tó nǹkan bí máìlì 1,200, láti Christchurch èèyàn ti lè wọkọ̀ dé Dunedin ní 1878.

Ẹ rántí ínṣì 42 mi? Próvínsì kọ̀ọ̀kan ti ń ṣe ìbú ojú irin tiẹ̀ kí Vogel tó dé, ti Canterbury jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ínṣì mẹ́ta, ti ibòmíì yàtọ̀, bí ìgbà tí kóńgò gàrí ọjà Oǹdó ò bá bá ti Àkúrẹ́ dọ́gba, tí oníbàárà á máa jà. Ilé aṣòfin wá mú ẹyọ kan fún gbogbo ilẹ̀ wọn, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ínṣì mẹ́fà. Ínṣì 42! Èyí tí mo fi tépù ìránṣọ wọ̀n l'Óṣogbo gan-an nìyẹn. Ìdí tí wọ́n fi mú un níbẹ̀ náà ni wọ́n fi mú un fún wa, owó ẹ̀ fúyẹ́, ó lè yí kọ́nà tó há lára òkè, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò lè sáré bí èyí tó fẹ̀. Irin kan náà, ìbú kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Kí ló wá yàtọ̀? Màmá, ibi tí ìbéèrè yín ti wúwo nìyí. Níbẹ̀, àwọn tó máa san gbèsè ló jókòó nílé aṣòfin jiyàn lórí ẹ̀, ẹni tí Vogel bá ṣẹ̀ lè dìbò lé e lọ (ọkùnrin wọn o, 1893 ni obìnrin wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dìbò, àwọn náà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó gbà á). Lọ́dọ̀ wa, owó yíyá náà ni wọ́n fi ṣe rélùwéè Èkó, orí àpò Èkó ni wọ́n kọ gbèsè ẹ̀ sí, àmọ́ gómìnà ló kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù, Lọ́ńdọ̀nù ló fèsì, kò sí ará Ìbàdàn tàbí Òṣogbo kankan tí wọ́n bi pé níbo ni kí irin gbà. Tiwọn, wọ́n fi kó èèyàn wọlé kí wọ́n jókòó. Tiwa, wọ́n fi kó ẹrù jáde. Ẹ wo àwòrán ojú irin tiwọn, bí okùn ẹja ló rí, ìlú sí ìlú. Ẹ wo tiwa àtijọ́, bí ọ̀pá tí wọ́n fi ń fa ọsàn lórí igi.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí n gbé wọn gẹ̀gẹ̀ jù. Ilẹ̀ tí wọ́n ń pín fún àlejò létí ojú irin, ó ti ní onílẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn Māori ló nilẹ̀, wọ́n ti bá wọn jagun láwọn ọdún 1860 tí wọ́n gba ilẹ̀ ńlá lọ́wọ́ wọn ní erékùṣù apá òkè, èyí tí wọn ò fi ogun gbà, wọ́n fi owó táṣẹ́rẹ́ rà á. Kò sí ẹni tó bi àwọn náà pé níbo ni kí irin gbà. Gbèsè ọ̀hún náà kò lọ lọ́fẹ̀ẹ́: owó irun àgùntàn já lulẹ̀, láti ìparí àwọn ọdún 1870 wọ àwọn ọdún 1880 nǹkan le koko, àwọn kan tí wọ́n sanwó ọkọ̀ fún wá tún kẹ́rù lọ sí Ọsirélíà. Àwọn próvínsì gan-an, títí kan Canterbury, 1876 ni wọ́n pa wọ́n rẹ́, torí wọ́n ń bá ìjọba àpapọ̀ du ilẹ̀ àti owó. Ẹ sọ fún Nọ́ọ̀sì pé mo kí i, kó rántí ya fọ́tò ẹnu ihò rélùwéè fún mi.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, Ilé Pí-Dọ́bù-Dì ni wọ́n ń pe agboolé wa, torí iṣẹ́ tí bàbá bàbá mi ṣe. Kí ni Pí-Dọ́bù-Dì? Ṣé ọ̀gá ni bàbá yẹn ni àbí lébùrà? (Ọmọ Odòjọ́mù, Oǹdó)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, lẹ́tà òyìnbó mẹ́ta ni, P.W.D., Public Works Department, ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí títì, afárá, ilé Ajẹ́lẹ̀, kóòtù, ọgbà ẹ̀wọ̀n, omi ẹ̀rọ, gbogbo ohun tí ìjọba bá fẹ́ kọ́. Àwọn ló máa ń tò lẹ́bàá ọ̀nà tòwúrọ̀ tòwúrọ̀ pẹ̀lú dígà àti ṣọ́bìrì, tí ọ̀gá wọn á máa pe orúkọ nínú ìwé. Ẹ lọ wo fọ́tò bàbá yín dáadáa: tó bá wọ ṣòkòtò penpe kákí tó gbá ìwé mọ́yà, héèdìmáànù ni. Tó bá di dígà mú, iṣẹ́ ọlá náà ni jàre.

Àwọn Pí-Dọ́bù-Dì yìí gbóná o. Oṣù Kẹjọ ọdún 1897, ìyẹn ìgbà tí wọ́n ṣì ń to ojú irin lọ sí Ìbàdàn, àwọn òṣìṣẹ́ wọn l'Ékòó daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta torí Gómìnà McCallum fẹ́ yí wákàtí iṣẹ́ wọn padà, ó sì ní láti bá wọn dúnàá dúrà. Títí di ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ọdún 1945 tí Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, wà níwájú ẹ̀, tó lé ní oṣù kan, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wọ̀nyí ló ń kọ́kọ́ gbéra.

Àmọ́ ní ọ̀dọ̀ wa níbí, kì í ṣe gbogbo títì lẹni tó ń gbowó là. Láyé àkọ́kọ́, D.O., ìyẹn Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, á ránṣẹ́ sí ọba, ọba á ránṣẹ́ sí àwọn ìjòyè, ìjòyè á pín in ládùúgbò ládùúgbò, ó di dandan kí agboolé kọ̀ọ̀kan yọ èèyàn tó máa lọ ro ọ̀nà, àwọn obìnrin a máa ru yẹ̀pẹ̀. Ọdún 1930 ni àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé tó ṣe àdéhùn pé kí wọ́n máa dẹ́kun irú iṣẹ́ àfipáṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà tí bàbá yín bá ń gba owó oṣù, ẹni ńlá ló jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀jọ́ mi kan kún un, ẹ má bínú. Láti 1908 títí di 1914 ni ilé iṣẹ́ kan, Nigerian Bitumen Corporation, ti ń gbẹ́ ilẹ̀ lápá Òkìtìpupa, wọ́n ń wá epo rọ̀bì, ọ̀dà dúdú sì wà nílẹ̀ ibẹ̀ rẹpẹtẹ, ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì! Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ọ̀dà yẹn ṣì wà níbẹ̀, àdúgbò tí mò ń gbé yìí dẹ̀ ní kòtò kan níwájú ilé mi tí àwọn ọmọ ti fún ní orúkọ. Ọ̀sà ni wọ́n ń pè é.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá mi máa ń sọ pé rélùwéè ló kó àlejò wá sí Àkúrẹ́. Mo ní rélùwéè wo, èyí tí ò débí? Ta ló jàre? (Ìyá Ajókẹ́, Òkè-Àró, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Bàbá yín ló jàre, Ìyá Ajókẹ́, àmọ́ ọ̀nà ẹ̀yìn ló gbà wọlé. Nígbà tí rélùwéè bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́kùnrin Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Oǹdó fẹsẹ̀ rìn lọ wá iṣẹ́ níbẹ̀ àti lápá Èkó. Ọ̀pọ̀ wọn bá ara wọn ní Agége, ibi tí rélùwéè gbà, níbi tí J. K. Coker àti ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ní oko kòkó ńlá, wọ́n ṣe lébùrà, wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin kòkó, bí wọ́n ṣe ń sá a, wọ́n di hóró ẹ̀ sápò, wọ́n darí sílé. Owó tí wọ́n gbà níbẹ̀ lè ti tán lọ́nà, hóró kòkó yẹn ló sọ ilẹ̀ wa di ohun tó dà.

Kòkó gba ọwọ́, ọwọ́ wa ò tó, ni àwọn Ígbìrà bá dé. Lóko bàbá mi, ọkùnrin Ígbìrà kan wà tó máa ń gún igi tín-ín-rín mọ́lẹ̀ fún ogún ebè kọ̀ọ̀kan tó bá kọ, tílẹ̀ bá ṣú bàbá mi á wá ka igi, òun náà á máa kà á tẹ̀lé e lédè tiẹ̀, iye tí àwọn méjèèjì bá pè kì í yàtọ̀, kò dẹ̀ sẹ́ni tó kọ́ èkejì lédè. Àwọn Ìsóbò ní tiwọn, ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Ìkálẹ̀ ni wọ́n lọ, wọ́n ń gun ọ̀pẹ. Àwọn Ìjẹ̀ṣà kó aṣọ wá tà láwìn, ọjọ́ tí owó bá pé wọ́n á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọ́n ní òṣó làwọn máa ló títí tí wọ́n á fi gbowó, ibẹ̀ lorúkọ Òṣómàáló ti wá. Àwọn Hausa wá ra obì, torí rélùwéè ló ń gbé obì lọ sókè Ọya kó tó bàjẹ́, ẹ lọ wo Sábó. Àwa náà dẹ̀ wọ rélùwéè yẹn lọ di àlejò níbòmíì, ẹ béèrè bí Yorùbá ṣe pọ̀ tó ní Sábọ́n Gàrí Kánò.

ÌBÉÈRÈ: Tíṣà, àwọn ọmọ mi fẹ́ wọ rélùwéè lásìkò ọlidé. Láti Àkúrẹ́ ibo la máa gbà? (Ìyá Ìbejì, Òkè-Ìjẹ̀bú, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Èyí tó so Èkó pọ̀ mọ́ Ìbàdàn ni kẹ́ ẹ wọ̀, 2021 ni wọ́n ṣí i, ìbú tiẹ̀ ti ju ínṣì 42 mi lọ. Ẹ wọ mọ́tò láti Àkúrẹ́ lọ sí Ìbàdàn, ẹ má sọ̀ sí Ìwó Róòdù kẹ́ ẹ wá jókòó síbẹ̀ o, Mọ́níyà ni sitéṣọ̀n wà, ó jìnnà sí àárín ìlú, ẹ fi owó kẹ̀kẹ́ sọ́tọ̀. Ẹ lọ sùn síbẹ̀ mọ́jú tẹ́ ẹ bá ní ẹbí nítòsí. Ìkejì, láti Ìtakpẹ́ sí Warri, èyí tí wọ́n ṣí ní 2020, òun náà wà, ẹ gba Ọ̀wọ̀ àti Ìkàrẹ́ lọ sápá Òkénè, àmọ́ pẹ̀lú ìbejì méjì lọ́wọ́, èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn. Ẹ di oúnjẹ dání, kí ẹ dẹ̀ jẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.